Bí Mo Ṣe Polówó Gómìnà, Akọ Ẹlẹ́dẹ̀ Ilé Wa

Orúkọ Ìyá Fúnmi tó wọ inú ìpolówó yẹn, èmi ni mo fi kún un. Bàbá mi kò rán mi bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n rán mi burú tó, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ ẹnì kankan nínú rẹ̀. Èmi ni mo wá orúkọ sí i, torí pé ọjà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọjà sì ń pa mí bí ọtí nígbà náà. Mo fẹ́ sọ èyí kí n tó sọ nǹkan mìíràn, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá mi, ẹ ó fi bàbá mi rẹ́rìn-ín títí, ẹ ó sì gbàgbé mi. Bí èmi náà ti ń ṣe é láti ọdún yẹn wá nìyẹn. Ní gáréèjì Àrámọ̀kọ tí mo ti ń tún ọ̀kadà ṣe, mo máa ń sọ ìtàn akọ ẹlẹ́dẹ̀ bàbá mi fún àwọn oníbàárà, a ó rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa, n ó sì rí i pé mo dákẹ́ kí ìtàn tó dé orí mi.

Ìkòrò ni ilé wa, ní ẹ̀bá ọ̀nà tó lọ sí Ìjerò, ilé oníbíríkì tí a kò rẹ́ tán, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé a lè kó kòkó sá síbẹ̀ bí òjò bá dé lójijì. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jí wa kì í ṣe àkùkọ. Gómìnà ni. Á mí kanlẹ̀, á fi imú gbá ilẹ̀kùn pákó, á wá máa kùn láti ìsàlẹ̀ ikùn bí jẹnẹrétọ̀ tí kò fẹ́ gbéra. Lẹ́yìn rẹ̀ ni agogo ìjọ Áńgílíkà, lẹ́yìn agogo ni ìgbálẹ̀ Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Wọ́n á máa gbálẹ̀, wọ́n á sì máa dá ẹlẹ́dẹ̀ lóhùn láti ẹ̀yìn ògiri pé, “Mo gbọ́, mo gbọ́. Ulé rẹ ni. Ta ló sọ pé kì í ṣe ulé rẹ?” Lóòótọ́, ilé rẹ̀ ni. Ilé tirẹ̀ ni a kọ́kọ́ fi páànù tuntun bò, àjókù páànù rẹ̀ ni a sì fi lẹ ibi tó ń jò lórí yàrá tiwa.

Àgbẹ̀ oníkòkó ni bàbá mi, wọ́n sì ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ. Kí Gómìnà tó dé, bí gbogbo bàbá ni wọ́n rí. Ní Ìkòrò nígbà náà, ẹlẹ́dẹ̀ tí a ń sìn kì í ṣe nǹkan bàbàrà: dúdú, kúkurú, onímú gígùn, tó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ kiri. Bàbá mi ta kòkó ọdún kan, wọ́n gba Adó lọ, wọ́n sì gbé akọ funfun kan bọ̀ tó ga dé ìdí mi. Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ló wà lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń polongo ìbò sì ń tẹ̀ lé ọkọ̀ náà bọ̀ pẹ̀lú fèrè àti ariwo. Àwọn èèyàn jáde, wọ́n ń juwọ́ sí àwọn olóṣèlú. Bàbá mi rò pé ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń juwọ́ sí. Wọ́n ní, “Ẹ ò rí i? Wọ́n ń kí i bíi gómìnà.” Ibẹ̀ lorúkọ ti jáde. Màmá Àgbà jókòó sórí àpótí, wọ́n wo ẹranko náà láti imú dé ìrù, wọ́n ní, “Mo bímọ, ọmọ mi bí Gómìnà. Ayé mi mà dára o.”

Iṣẹ́ tí Gómìnà wá ṣe ni pé kí ó máa gun abo gbogbo tó bá ń wá akọ, kí ẹlẹ́dẹ̀ ìlú wa lè di ńlá. Ẹni tó bá mú abo wá kì í sanwó. Bí abo náà bá bímọ, tí ọmọ bá já lẹ́nu ọmú, bàbá mi á lọ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á ṣa ọmọ kan tó wù wọ́n nínú gbogbo wọn. Abo ni wọ́n máa ń ṣà, torí abo ló ń bí owó. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ju ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń jẹ àgbàdo sísun kan, ṣùgbọ́n bàbá mi sọ ọ́ di ìsìn. Bí wọ́n bá fa abo dé pẹ̀lú okùn lẹ́sẹ̀, wọ́n á wọlé lọ dé fìlà. Wọ́n á kí olówó abo bí ẹni tó mú ìyàwó wá. Wọ́n á wá lé àwa ọmọdé kúrò níbẹ̀, a ó sì lọ gun igi gúáfà ẹ̀yìn ilé, níbi tí a ti ń rí gbogbo rẹ̀ dáadáa. Ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ẹyin ni Gómìnà ń jẹ, tí a lù mọ́ eèrí àgbàdo. Èmi àti àbúrò mi a máa rí ẹyin ní ọjọ́ Àjíǹde àti ọjọ́ tí ara wa kò bá yá. Màmá mi bi bàbá mi lọ́jọ́ kan pé, “Bàbá Táyọ̀, ta ló ń ṣiṣẹ́ jù nínú ilé yìí?” Bàbá mi kò ronú rárá kí wọ́n tó ní, “Gómìnà.” Màmá mi ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí Gómìnà gún uyán alẹ́.” Iyán kò sí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀gẹ́ bíbọ̀ la jẹ, bàbá mi sì jẹ tiwọn láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Akọ tí kò lókìkí, ẹran lásán ni. Ọ̀rọ̀ bàbá mi nìyẹn. Wọ́n ní kí akunlé kan kọ pátákó fún wọn, wọ́n sì rì í mọ́ ẹ̀bá ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì: GÓMÌNÀ AKỌ ẸLẸ́DẸ̀ WÀ NÍBÍ. ARA FUNFUN, ẸSẸ̀ GÍGA, ỌMỌ PÚPỌ̀. ÌJERÒ, ÀRÁMỌ̀KỌ, Ẹ̀FỌ̀N, Ẹ MÁA BỌ̀. Kátíkíìsì wá bá wọn nílé. Wọ́n ní, “Bàbá Táyọ̀, àwọn ọ̀dọ́bìnrin wa ń gba ọ̀nà yẹn lọ sí ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì. Ara funfun, ẹsẹ̀ gíga, ọmọ púpọ̀? Ẹ jọ̀ọ́.” Bàbá mi ní, “Kátíkíìsì, ohun tí Jékọ́bù ṣe pẹ̀lú agbo ẹran Lábánì, ṣé kò ju èyí lọ?” Kátíkíìsì mu omi wọn, wọ́n sì lọ, torí ó wà nínú Bíbélì lóòótọ́. Pátákó kò kúrò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìlú ló ń kàwé, ni bàbá mi bá wá ẹnu kún un. Wọ́n lọ yá ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ajíhìnrere kan tó máa ń fi wàásù jí ìlú ní ìdájí. Ajíhìnrere ní ohun tó ń kéde Olúwa kò gbọ́dọ̀ kéde ẹlẹ́dẹ̀. Bàbá mi gbé iṣu kalẹ̀. Ajíhìnrere wo iṣu náà dáadáa, ó ní, “Ẹ ṣáà bá mi nu ẹnu rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá a padà.”

Èmi ni wọ́n fún ní ẹ̀rọ náà. Ní ọjọ́ ọjà, mo máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ àwọn aláta, n ó sì ké pé, “Gómìnà dé o! Akọ tí í mú ilé kún! Ọmọ kan là ń gbà, ìyókù ńkọ́?” Ọjà á dáhùn pé, “Tèmi ni!” N kò mọ̀wé jù, mi ò sì yára lórí pápá, ṣùgbọ́n tí mo bá gbé ohun yẹn sẹ́nu, ìyá tó ń tà yóò dá ọwọ́ dúró, bàbá tó ń nájà yóò yíjú. Wọ́n ń pè mí ní Táyọ̀ Gómìnà. Ẹnì kan fún mi ní àkàrà ọ̀fẹ́ nítorí rẹ̀. Tí ẹ bá ti rí ọmọ tí wọ́n fún ní àkàrà nítorí ariwo rí, ẹ ó mọ̀ pé ariwo kò ní tán lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé wa ni Ìyá Fúnmi ń gbé, ilé kan tí ọgbà kókò wà láàrin òun àti tiwa. Erio ni wọ́n ti wá fẹ́ ọkọ ní Ìkòrò, ọkọ kú, ó ku àwọn àti Fúnmi ọmọ wọn. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, ọwọ́ wọn sì kéré bí ọwọ́ ọmọdé. Ọwọ́ yẹn ni ìlú mọ̀ wọ́n sí. Bí ọmọ bá há sínú abo ẹlẹ́dẹ̀ ẹnikẹ́ni, Ìyá Fúnmi ni wọ́n ń sáré pè. Wọ́n á fi ọṣẹ àti epo pupa ra ọwọ́ wọn, wọ́n á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, wọ́n á sì fa ọmọ náà jáde. Ẹni tí wọ́n gbà là á fún wọn ní àgbàdo, tàbí kó ro oko fún wọn. Opó tí kò ní ọmọkùnrin ni wọ́n, síbẹ̀ kò sí àpéjọ ẹlẹ́dẹ̀ sísìn kankan tí wọn kì í gbé àga fún wọn. Ọwọ́ yẹn ni ìdí àga náà.

Ní ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà rọ̀, ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì àgbẹ̀ wá bá àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí a má jẹ́ kí akọ gun ọmọ tirẹ̀, pé ọmọ tí yóò jáde kò ní pé. Ó dun bàbá mi. Wọ́n ń sọ ọ́ bọ̀ lọ́nà pé, “Àní kí bàbá má gun ọmọ rẹ̀. Ṣé Gómìnà ni wọ́n ń bá wí bẹ́ẹ̀?” Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Nígbà náà, oríṣi ọmọ méjì ló wà nínú ọgbà wa: àwọn tí wọ́n ṣà nítorí iṣẹ́ Gómìnà, àti àwọn tí wọ́n rà láti Ayétòrò, níbi tí akọ mìíràn wà. Gbogbo wọn funfun, gbogbo wọn ní àbàwọ́n dúdú. Bàbá mi fún mi ní abẹ bíléèdì. Wọ́n ní, “Kó o tó kó wọn pọ̀, gbogbo abo tó bá jẹ́ ti Gómìnà, gé etí òsì wọn díẹ̀. Ẹni tó bá ra elétí gígé, Ayétòrò ni kó mú un lọ kí akọ ibẹ̀ gùn ún tó bá dàgbà. Ẹni tó bá ra elétí pípé, kó mú un wá síbí.” Kò le. Àǹfààní rẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni ilé ẹ̀kọ́ wa ń bá ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì gbá bọ́ọ̀lù. Mo kọ́kọ́ lọ wò ó. Nígbà tí mo fi dé, àbúrò mi ti ṣí ọgbà sílẹ̀, wọ́n ti dàpọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn kiri pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, mo sì gé etí àwọn tí ọwọ́ mi bà. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí: etí àwọn tí kò mọ eré sá ni mo gé. Bàbá mi béèrè pé, “O ti ṣe é?” Mo ní, “Mo ti ṣe é, sà.”

Ìyá Fúnmi ra abo kan lára wọn, elétí pípé. Wọ́n tọ́ ọ dàgbà bí ọmọ. Nígbà tí kòkó pọ́n, tí abo náà ń wá akọ, wọ́n fà á wá sí ilé wa, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kọjá ẹnu ọ̀nà, wọ́n pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ní, “Táyọ̀, ìwọ lo ń bọ́ wọn, ìwọ lo mọ̀ wọ́n. Mo rí i pé etí èyí pé. Ṣé ti Ayétòrò ni lóòótọ́?” Mo wo abo náà. Mo lè sọ pé n kò mọ̀. Ìyẹn ni òótọ́, kò sì gùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti dé fìlà, wọ́n sì ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Mo ní, “Ti Ayétòrò ni, Màmá.” Wọ́n fọwọ́ kan orí mi. “Ọlọ́run á jẹ́ kó o dàgbà.” Mo dàgbà.

Nígbà tí abo náà bí, ọyẹ́ ń fẹ́. Bàbá mi gbé apẹ̀rẹ̀ wọn lọ láti lọ wo èyí tí wọ́n máa mú, èmi sì tẹ̀ lé wọn. Ìyá Fúnmi jókòó sílẹ̀ nínú ilé ẹlẹ́dẹ̀ wọn, wọ́n tẹ́ àwọn ọmọ náà sórí àpò. Àwọn kan nínú wọn, ìdodo wọn yọ síta bí ẹyin adìyẹ. Àwọn mìíràn kò ní ojú ìdí rárá. Ibi tí ìgbẹ́ yẹ kó gbà jáde dí pátápátá, bí ẹni pé a fi abẹ́rẹ́ rán an. Wọ́n ń mu ọmú, ikùn wọn ń wú, kò sí ibi tí oúnjẹ máa gbà. Mo ti rí òkú ẹran púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ohun tí oúnjẹ ń pa bẹ́ẹ̀. Bàbá mi gbé apẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀yìn. Wọ́n ní, “Ẹ má wulẹ̀ fún mi ní tèmi, Ìyá Fúnmi. Mo fi ta yín lọ́rẹ.” Ìyá Fúnmi ní, “Ẹ ṣé o, olóore. Ṣé òkú lẹ fi ń ta mí lọ́rẹ?” Wọ́n wá gbójú sókè. “Bàbá Táyọ̀, ta ni bàbá abo mi yìí?” Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n yẹ etí òsì rẹ̀ wò. Etí pé. Wọ́n gbà mí gbọ́, ìyẹn ló burú. Wọ́n ní, “Ọmọ Ayétòrò ni. Akọ mi ti ṣe tirẹ̀. Bí ọmọ kò bá pé, kí wọ́n wo ọwọ́ tó gbà á.” Ọwọ́ yẹn! Ìyá Fúnmi wo ọwọ́ wọn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn án.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ kó tó yí Ìkòrò ká. Àwọn tó fẹ́ mú abo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn ń ronú. Bàbá mi kò sùn dáadáa, wọ́n sì kọ́ mi ní ìpolówó tuntun: “Gómìnà kò lábùkù. Ẹni tí abo rẹ̀ bá bímọ tí kò pé, kó yẹ abo tirẹ̀ wò.” Ohun tí wọ́n rán mi nìyẹn. Mo dé ọjà, mo ké e, kò dùn. Ó gùn, kò ní ibi tí ọjà yóò ti dáhùn. Àwọn aláta ń bá iṣẹ́ wọn lọ. N kò fẹ́ràn kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ni mo bá tún un ṣe fúnra mi. Mo ní, “Akọ ò lẹ́bi! Akọ ò lẹ́bi! Abo ló lẹ́bi! Abo ta ni?” Mo sì dá ara mi lóhùn pé, “Abo Ìyá Fúnmi!” Ẹ̀rín bú. Ìyá aláta kan lu orúnkún rẹ̀, ó ní, “Táyọ̀, tún un sọ!” Mo tún un sọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn ni wọ́n ń dáhùn. Kí ọjà tó tú, àwọn ọmọdé ti ń pe Ìyá Fúnmi ní Ìyá Aláìnídìí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ há sínú abo kan ní àdúgbò ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kò pe Ìyá Fúnmi. Abo náà kú, wọ́n sì fẹ́ kó kú bẹ́ẹ̀ ju kí ọwọ́ Ìyá Fúnmi wọ ibẹ̀. Nínú àpéjọ ẹlẹ́dẹ̀ sísìn, ẹnì kan gbé àpò eèrí lé orí àga Ìyá Fúnmi. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n sì padà sílé. Ohun tó ń mú wọn jẹ́ ẹnì kan nílùú ọkọ wọn ni a gbà yẹn. Mo wà níbẹ̀. Mo ń jẹ ẹ̀pà.

Ó wá kan ilé tiwa. Abo màmá mi, tí òun náà wá láti inú àwọn elétí pípé, ń rọbí láti òwúrọ̀, nígbà tó fi di ọ̀sán kò tíì bí. Màmá mi so ìró mọ́dìí. Wọ́n ní, “Mò ń lọ pe Ìyá Fúnmi.” Bàbá mi ní, “Kí ọjà wá sọ pé kí ni?” Màmá mi ní, “Ọjà kò bá mi sin ẹlẹ́dẹ̀, Bàbá Táyọ̀. Ọjà kò bá mi gbé eèrí rí.” Wọ́n gba àárín ọgbà kókò lọ. Mo rò pé Ìyá Fúnmi kò ní wá. Wọ́n wá. Wọn kò wo ojú bàbá mi, wọ́n béèrè ọṣẹ àti epo, wọ́n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Nígbà tí wọ́n fa àkọ́kọ́ jáde, wọ́n fi àtàǹpàkò nu abẹ́ ìrù rẹ̀, wọ́n gbé e kalẹ̀. Èyí pé. Wọ́n fa èkejì, wọ́n nu ún, ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n nà án sí bàbá mi. “Ẹ wò ó.” Ojú ìdí kò sí. “Ọwọ́ mi ni, àbí? Abo yín nìyí, ilé yín nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ta ni bàbá rẹ̀?” Bàbá mi wo etí abo náà. Wọ́n wá wo èmi. Mo ti ń sunkún kí wọ́n tó la ẹnu. Mo ní, “N kò gé gbogbo wọn, sà. Mo lọ wo bọ́ọ̀lù.” Bàbá mi kò nà mí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà burú, nítorí bí a bá nà mí, n ó ké, bí mo bá ké, àwọn èèyàn á béèrè ohun tí mo ṣe. Ìyá Fúnmi parí iṣẹ́ wọn, wọ́n fọ ọwọ́. Wọ́n ní, “Ọlọ́run ti jẹ́ kí gbogbo wa rí i pọ̀. Ọjà ń bọ̀. Ẹnu tó sọ ọ́ ni kó tún un ṣe.” Bàbá mi ní, “A ó ṣe é, Ìyá Fúnmi. A ó ṣe é.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà, bàbá mi pè mí. Ẹnì kan ń mú abo bọ̀ láti Ẹ̀fọ̀n ní ọ̀sẹ̀ náà, èèyàn ńlá. Wọ́n ní, “Sọ ti tẹ́lẹ̀. Ṣáà yọ orúkọ Ìyá Fúnmi kúrò. Ó ti tó.” Màmá Àgbà ń ṣa ẹ̀fọ́ níwájú ilé, wọ́n gbọ́. Wọ́n ní, “Ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́nu yín. Ta ló máa bá yín yọ ọ́ kúrò létí ọjà?” Bàbá mi gbé ẹ̀rọ lé mi lọ́wọ́. Èmi gan-an rò pé àánú ni a ṣe bí a ti yọ orúkọ náà. Mo dé ọjà, mo rí Ìyá Fúnmi. Wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ àwọn aláta, wọn kò ra nǹkan kan. Wọ́n wá gbọ́ orúkọ wọn. Mo gbé ẹ̀rọ sẹ́nu. Mo ní, “Akọ ò lẹ́bi!” Mo fẹ́ dákẹ́ síbẹ̀, kí n bọ́ sí orí ẹsẹ̀ gíga àti ara funfun. Ṣùgbọ́n ọjà kò dúró dè mí. Wọ́n ní, “Abo ló lẹ́bi!” Ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ ní, “Abo ta ni?” Gbogbo wọn sì dáhùn, pẹ̀lú ìdùnnú, bí ìgbà tí wọ́n ń ṣe Àmín. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan tó rí i pé obìnrin náà dúró láàrin wọn, ẹ̀rín wá pọ̀ sí i. Ìyá Fúnmi kò wò wọ́n. Èmi ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń dúró. Wọ́n fún mi láyè dáadáa. Mo ní, “Gómìnà dé o.”

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, Ìyá Fúnmi kó ẹrù wọn lọ sí Erio, ilé bàbá wọn. Gómìnà kò pẹ́ lẹ́yìn wọn. Ọmọ tí kò pé ń pọ̀ sí i káàkiri, títí dé Ẹ̀fọ̀n, kò sì sí obìnrin kan mọ́ tí a lè di ẹ̀bi rù. Bàbá mi tà á fún àwọn alápatà nígbà Kérésìmesì. Wọ́n ní ẹran rẹ̀ le. Pátákó rẹ̀, a fi dí ojú fèrèsé ilé adìyẹ, ẹsẹ̀ gíga àti ọmọ púpọ̀ sì wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ tí àwọn adìyẹ ń kà á.

Nígbà tí mo dàgbà tí mo lọ tún ọ̀kadà ẹnì kan ṣe ní Erio, mo béèrè ilé Ìyá Fúnmi. Wọ́n jókòó, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́, ọwọ́ wọn ṣì kéré bẹ́ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ ọ́ láti orí bọ́ọ̀lù dé orí ọjà, n kò fi bàbá mi bo ara mi. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní kí Fúnmi bu omi wá fún mi. Wọ́n wá béèrè pé, “Ìwọ nìkan lo wá?”

“Èmi nìkan ni, Màmá.”

“Ta ló gbọ́ ohun tó o sọ tán yìí?”

“Ẹ̀yin ni, Màmá.”

“Èmi ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ṣé èmi ló yẹ kó o wá sọ ọ́ fún? N kò bá ọ jà, Táyọ̀. Ọmọdé ni ọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ohun tó o gbà lọ́wọ́ mi láàrin ọjà, o fẹ́ dá a padà fún mi lẹ́yìn ulé.” Wọ́n mú ẹ̀gẹ́ mìíràn. “Mu omi rẹ, kí oòrùn má pa ọ́ lọ́nà.”

Bàbá mi ti di Bàbá Ìjọ báyìí. Bí mo bá dìde láàrin ọjà Ìkòrò, orí wọn ni ọ̀rọ̀ náà máa bà lé, mo sì ń fi ìyẹn ṣe àwáwí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé àwáwí ni. Ohun tí mo kọ yìí kì í ṣe sísan gbèsè mi, torí àwọn tó pariwo lọ́jọ́ náà kò ní kà á. Wọ́n wà láàyè. Mo ń rí wọn. Láìpẹ́ yìí ni mo yà ra àgbàdo níbẹ̀, ìyá aláta kan tó ti dàgbà dá mi mọ̀ láti ọ̀ọ́kán, ó nawọ́ sí mi, ó ní, “Táyọ̀ Gómìnà! Akọ ò lẹ́bi!” Gbogbo ìsọ̀ yíjú sí mi, wọ́n dákẹ́, wọ́n ń dúró kí n sọ̀rọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo gba ṣéńjì mi, mo gun ọ̀kadà. Mo jẹ Ìyá Fúnmi ní gbèsè ọjọ́ ọjà kan.